Aláìsàn Tí Ara Rẹ̀ Le

Àmì onígun mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n. Wọn kò tóbi ju ojú asẹ́ lọ, wọ́n sì tò láti abẹ́ ojú òsì obìnrin náà dé egungun àgbọ̀n rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Báńdéèjì ló fi wọ́n síbẹ̀. Bí wọ́n bá tú u lọ́sàn-án, àmì náà kì í parẹ́ títí yóò fi délé, ọkọ rẹ̀ tí ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé a sì fi ìka kàn án lẹ́nu ọ̀nà, a ní, "Àwọ̀n tún ti kó ọ lónìí. Ẹja ńlá!"

Aláìsàn ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Eyín rẹ̀ pé, egungun rẹ̀ le, a máa gun àtẹ̀gùn ilé wọn láìdúró mí, ìgbà tí ó sì lo oògùn gbẹ̀yìn ti pẹ́ débi pé kò lè rántí àwọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì ilé eré kò jẹ́ kí ó kọjá rí láìbèèrè.

"Aláìsàn, ara ńkọ́?"

"Ara le bí òkúta."

"Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ara rẹ yá o. Ọjọ́ tí ara rẹ bá yá, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn."

Ẹnu Abẹ ni orúkọ eré tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ìtàn dókítà kan ni, tí ń tún ojú àwọn ènìyàn ṣe: ó ń dín imú tó fẹ̀ kù, ó ń fa awọ tó ti dẹ̀, ó ń gbẹ́ àgbọ̀n bí ẹni gbẹ́ igi. Eré tó ṣókùnkùn ni, lọ́nà méjèèjì. Iná yàrá ibẹ̀ kéré débi pé àwọn òǹwòran a máa dìde lọ mi wáyà tẹlifíṣọ̀n wọn. Àwọn ènìyàn ń gbé ìbànújẹ́ kan wá sọ́dọ̀ dókítà náà, wọ́n ń gbé òmíràn lọ, òun a sì dúró lẹ́nu fèrèsé, a máa fọwọ́ bí ẹni tí ìdọ̀tí rẹ̀ kò ní tán láé.

Ènìyàn méjì ni wọ́n fi ń ṣe aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wé, tí ń dùbúlẹ̀, tí àwọn ẹbí ń sunkún lé lórí. Ẹni kejì, tí ó jẹ́ arẹwà, ni yóò jáde nígbà tí wọ́n bá tú báńdéèjì. Láti ìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin wa ti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ fún gbogbo wọn. Ó ti jẹ́ ìyàwó olówó, ó ti jẹ́ olùkọ́, ó ti ṣe opó léraléra. Ó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ọkùnrin tí wọ́n mú wá kò yé wúkọ́. Kò sí ìgbà kankan tí ojú rẹ̀ hàn.

Kò sí ọgbọ́n kankan nínú bí ó ṣe dé ibẹ̀. Ilẹ̀ ló ń nù ní ilé eré náà. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tí wọ́n wé kò yé họ imú, Olùdarí eré sì ṣí fìlà rẹ̀, ó jù ú mọ́lẹ̀.

"Ṣé nínú gbogbo ilé yìí, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó lè dùbúlẹ̀ kó má mira?"

Obìnrin náà gbé igi ìnulẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó ní òun lè gbìyànjú. Wọ́n wé e, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Iná ń móoru, báńdéèjì ń móoru, kí Olùdarí tó pariwo pé "Ẹ bẹ̀rẹ̀!", oorun ti gbé e lọ. Olùdarí ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe eré, òun kò tíì rí òṣèré tó fi gbogbo ara sílẹ̀ fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló hanrun, níbi tí dókítà ti ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn òǹwòran sì kọ̀wé ránṣẹ́ pé ìró ẹ̀rọ ìmí yẹn ba àwọn lẹ́rù gidigidi.

Ọkùnrin tí ń ṣe dókítà nínú eré náà kò lè wo ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ṣèèṣì gé ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń fá irùngbọ̀n, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a wò ó. Síbẹ̀ Dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, òun náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ní yàrá oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, láàárín tíì àti búrẹ́dì, wọn a gbé ẹ̀yìn ríro wá bá a. A fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a mi orí, a ní kí wọ́n lọ máa sùn lórí ilẹ̀. Iye àwọn tí ara wọn ti yá nípasẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fi ṣẹ̀sín.

Iṣẹ́ náà tẹ́ Aláìsàn lọ́rùn ní gbogbo ọ̀nà, àfi ọ̀nà kan, ọ̀nà kan ọ̀hún sì gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá.

Onídìrí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí dígí yí ká, ó ní tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó sì ní ẹnu. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń wo Ẹnu Abẹ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn lórí àga gígùn kan, ife tíì lọ́wọ́ oníkálùkù.

"Èmi nìyẹn," Aláìsàn a sọ, a sì nàka sí i.

"Èwo?"

"Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ìyẹn? Mo rò pé ìrọ̀rí ni wọ́n tò jọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹsẹ̀ mi! Ẹ wo bí ọmọ ìka mi ṣe tẹ̀."

"Ta ló ń fi ọmọ ìka dá ènìyàn mọ̀? Àbúrò mi, ojú lọ̀rọ̀ wà. O lè gbé pákó síbẹ̀ kó o ní ìwọ ni, kí ni mo fẹ́ sọ? Ọjọ́ tí mo bá fojú mi rí ojú rẹ nínú àpótí yìí, mo máa gbà. Àmọ́, ká má tan ara wa jẹ, ìwọ náà wo ojú ọ̀hún. Ta ló fẹ́ gbé e síbẹ̀?"

"Kí ló ṣe ojú ọ̀hún?" ọkọ a dá sí i. "Èmi ni mo wò ó tí mo fi fẹ́ ẹ."

"Ẹ ò tíì ní awò ojú nígbà yẹn, àna wa."

Gbogbo wọn a bú sẹ́rìn-ín. Aláìsàn náà a rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ, àti nítorí pé ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni wọn yóò kọjú sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń padà sílé, ẹ̀rín náà a máa dẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn tó wà nínú ìlú tí wọ́n ti sunkún lé e lórí kò lóǹkà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè kí i ní títì. Ohun tí ó fẹ́ kò pọ̀: kí ojú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lórí àga yẹn nígbà tí yóò jáde.

Bí ó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ọmọlangidi dé.

Nínú páálí gígùn kan ló wá, rọ́bà ni láti orí dé ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, àyà rẹ̀ a máa lọ sókè sódò bí ti ẹni tí ń mí. Olùdarí fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa ọmọ rẹ̀.

"Kì í jẹun, kì í tọ̀, kì í hanrun," ó ní.

Olùpè, ọmọkùnrin gíga tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pe àwọn òṣèré wá síwájú kámẹ́rà, ló wá sọ ìyókù fún un, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Apá kan ṣoṣo, èyí tí yóò parí eré ọdún náà, ló kù fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọlangidi ni yóò máa dùbúlẹ̀. Bí ó bá wu Aláìsàn, igi ìnulẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbi tó gbé e sí.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, ó lọ wo ẹni tó fẹ́ gba ipò rẹ̀. Ó ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀. Kò sí ojú. Ihò imú kò sí, ètè kò sí. Orí náà ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Àwọn tó ṣe é kò rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ṣe wàhálà níbẹ̀, wọ́n sì jàre, nítorí báńdéèjì ni yóò bò ó. Obìnrin náà bojú rẹ̀ padà. Ohun tí wọ́n ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, ó sọ fún ara rẹ̀: ẹ̀yìn ṣíbí.

Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ tó bí ó ti yẹ. Ńṣe ni ìwà ìgbà èwe rẹ̀ kan, tí ìyá wọn ti fi ẹgba lé lọ, yọjú padà.

Kí ohun tí ó ṣe tó lè yéni, ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa àwọn sílípáàsì. Bí wọ́n bá wé ènìyàn méjì pọ̀ nínú yàrá kan, tí wọ́n sì wọ aṣọ ilé ìwòsàn kan náà fún wọn, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Báńdéèjì bo ẹnu, nítorí náà wọn kò lè jẹ́ ìpè dáadáa. Olùpè ti mú ẹni tí kò yẹ lọ síwájú kámẹ́rà rí, Olùdarí sì ti ju fìlà mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pa á láṣẹ: ẹni tí wọn yóò tú yóò wọ sílípáàsì pupa, ẹni tí wọ́n wé lásán yóò wọ búlúù. Àṣẹ náà ṣiṣẹ́ débi pé kò sí ẹni tí ń wo orí ènìyàn mọ́ ní ilé náà. Bí Olùpè bá ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ ló ń wò.

Òṣèré olókìkí kan ni wọ́n mú wá láti jáde lábẹ́ báńdéèjì ìkẹyìn. Ẹlẹ́wà ni wọ́n ń pè é, irọ́ sì kọ́. Ibi iṣẹ́ mìíràn ló ti ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, oorun sì ti wà lójú rẹ̀ kí ó tó jókòó. Ìyá Atíkè, àgbàlagbà tí ń kun ojú àwọn òṣèré tó sì ń wé wọn, dúró tì í pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́.

"Ìyá Atíkè, ẹ rọra o. Ẹ má ba ètè mi jẹ́."

"Ètè rẹ wà lọ́wọ́ ire. Dákẹ́, kí n lè bò ó."

Aláìsàn ti wà lórí àga kejì. Wọ́n ti wé e láti òwúrọ̀, wọ́n ti ya ìran tirẹ̀ tó kẹ́yìn. Ó kàn ń dúró kí Ìyá Atíkè ráyè tú u ni. Láti inú ihò ojú báńdéèjì, ó rí i tí orí Ẹlẹ́wà ń tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí ó sì fara lé ẹ̀yìn àga. Nígbà tí wíwé náà parí, Ìyá Atíkè jáde lọ bu tíì. Oorun gbé Ẹlẹ́wà lọ ráúráú.

Aláìsàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bọ́ sílípáàsì pupa kúrò lẹ́sẹ̀ Ẹlẹ́wà bí ẹni bọ́ ti ọmọ tó ti sùn, ó fi búlúù rọ́pò rẹ̀, ó sì ki ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ pupa. Ó há mọ́ ọn. Gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ sẹ́yìn ní ìbú ìka kan.

Olùpè ṣílẹ̀kùn, ó wo ilẹ̀. "Pupa, ó yá!"

Pupa dìde.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Ìyá Atíkè pẹ̀lú ife tíì rẹ̀. Ó wo báńdéèjì tí òun fúnra rẹ̀ fi agbára wé láàárọ̀. Ó wo gìgísẹ̀ tó yọ sílẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀.

"Pupa," ó ní, "máa rọra rìn, má ṣubú o." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Yàrá ìran náà ṣókùnkùn, àfi fìtílà kan tó tàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà jókòó tì í nínú aṣọ funfun, ó mú etí báńdéèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Kò tètè tú. Wọ́n ti fẹ́ kí ti Ẹlẹ́wà dẹ̀ kí ìkunra rẹ̀ má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí ti lẹ̀ mọ́ra bí awọ àlùbọ́sà. Dókítà ń tú, ó ń laágùn, Olùdarí sì ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn kámẹ́rà pé, "Ó dáa. Bẹ́ẹ̀ náà. Rọra." Fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kò sí oorun lójú Aláìsàn rárá.

Ìpele tó kẹ́yìn nínú báńdéèjì náà já sílẹ̀. Ojú obìnrin kan yọ sínú ìmọ́lẹ̀: irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, òógùn ń ṣàn létí imú rẹ̀ tó fẹ̀ díẹ̀, àwọn àmì onígun mẹ́rin kéékèèké tò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ojú tí abẹ kankan kò dé rí.

Dókítà ti ń ṣeré láti kékeré. Bí òrùlé bá ń wó lé e lórí, yóò parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó sá. Ó gbé dígí lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó sì sọ ohun tí wọ́n kọ fún un láti sọ.

"Wo ara rẹ. Ta lo rí?"

Ìdáhùn tó wà nínú ìwé eré ni "Mi ò mọ̀ ọ́n," Aláìsàn sì mọ̀ ọ́n sórí. Ó ti gbèrò láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wo dígí, irọ́ náà kọ̀, kò jáde.

"Èmi ni," ó ní. "Dókítà, èmi náà ni." Ó fọwọ́ kan imú rẹ̀. "Imú mi rèé, bó ṣe wà. Kí lẹ wá ń ṣe látọjọ́ yìí?"

Dókítà tẹ̀ síwájú sí i. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mo ń tọ́jú rẹ."

"Ẹ ń tọ́jú mi?"

"Mo jẹ́ kí o sùn. Àbí o ò sùn dáadáa?"

Òtútù mú obìnrin náà lẹ́yìn ọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò lè wo ojú egbò.

"Mo sùn," ó ní. Kò sì purọ́.

Olùdarí kò ní kí wọ́n dúró. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, Ẹlẹ́wà sì wọlé nínú sílípáàsì búlúù tó tóbi jù ú lọ, pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, orí rẹ̀ funfun bí ẹyin, ó ń na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń ké "Mmm! Mmmmm!" nínú báńdéèjì.

"Ó tó!" ni Olùdarí pariwo. Fìlà ti wà nílẹ̀.

Wọ́n tan gbogbo iná. Olùpè ń búra fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ẹsẹ̀ pupa ni òun mú, pé òun kò mú ohun tó yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ pupa. Olùdarí dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló ní kí o gbé ojú rẹ wá síbí?"

"Ọ̀gá mi, gbogbo ibi tí mo bá ń lọ ni mo ń gbé e lọ."

"Ṣé o mọ̀ pé mo lè ní kó o máa lọ sílé báyìí?"

"Mo mọ̀, sà. Ọmọlangidi ti dé. Ilé náà ni mo ń lọ tẹ́lẹ̀."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà, ó sì yí i padà sí ikọ́ kíákíá. Dókítà ṣì jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo báńdéèjì tó kún ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n ńkọ́?"

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ dókítà yìí. Bí kò bá lè mú abẹ mọ́, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀? Ó ń jẹ́ kí wọ́n sùn, ó ń wé wọn, ó ń tú wọn, ó sì ń retí pé kí wọ́n gbàgbọ́."

Olùdarí mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n nù, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí kí ó ṣe rí. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n ya ìran náà lẹ́ẹ̀kejì bí wọ́n ti kọ ọ́. Ẹlẹ́wà dùbúlẹ̀, báńdéèjì tú bí omi, ojú rẹ̀ yọ bí oṣù, ó sọ pé "Mi ò mọ̀ ọ́n," omijé kan sì bọ́ síbi tó yẹ gan-an.

"Èwo lẹ máa gbé jáde, sà?" Aláìsàn bèèrè lẹ́nu ọ̀nà.

"Máa lọ sílé," ni Olùdarí wí. "Ọjọ́bọ̀ á sọ."

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́, tí ojú Ẹlẹ́wà sì jáde, ọ̀rọ̀ náà yóò di oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó jókòó sórí àga gígùn, ó di ife tíì rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, kò sì mu ún. Ọkọ rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí tú báńdéèjì.

"Ó dàbọ̀, Ìrọ̀rí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "A ó máa rántí rẹ. Ẹ wò ó, arẹwà wa fẹ́ jáde. Wọ́n ní ọmọ yẹn kì í fọ ojú rẹ̀ lásán, wàrà ló fi ń fọ̀ ọ́. Kí ló dé tí eléyìí ń pẹ́? Ṣé okùn ni wọ́n fi wé e ni?"

*Ó ń pẹ́.* Ìrètí fò sókè nínú Aláìsàn débi pé tíì dà sí i lórí itan, kò sì mira.

Ojú náà jáde. Ó kún tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn yẹn láti igun dé igun, pẹ̀lú òógùn rẹ̀, pẹ̀lú imú rẹ̀. *Èmi ni. Dókítà, èmi náà ni.*

Ọkọ rẹ̀ yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í bojú.

"Ìyàwó mi nìyẹn," ó ní jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń ṣe àlàyé fún tẹlifíṣọ̀n.

Dókítà inú tẹlifíṣọ̀n ní "Àbí o ò sùn dáadáa?" Ẹ̀gbọ́n gbá àbúrò rẹ̀ lápá mú.

"Ọkùnrin burúkú! Ó rẹ́ ọ jẹ! Kí ló dé tí o ò gbá a létí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, eré ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni! Mo ní kí ló dé tí o ò gbá a létí?"

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa," ọkọ ní, "ojú ta nìyẹn?"

"Ojú rẹ̀ ni. Mo ti gbà. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe, kí n dìde jó?" Ó yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni: "Ó gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ojú ọ̀hún."

Láti ọjọ́ kejì ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí bá Aláìsàn kẹ́dùn. Obìnrin tí ń ta èso lẹ́nu títì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, a gbọ́ pé kò ṣiṣẹ́. Báwo ló ṣe rí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó wé e?"

"Bó ṣe wà yìí náà ni."

"Háà! Wọn ò wá ṣe nǹkan kan rárá!" Ó sì fi ọsàn méjì kún tirẹ̀, kí ó fi tu ara nínú.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù lọ ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọ́n sì jọra. Imú kan náà ni bàbá wọn pín fún àwọn méjèèjì, ohun tí ẹ̀gbọ́n ti gbójú fò láti ọjọ́ yìí wá, nítorí pé irun àwọn oníbàárà ló ń wò nínú dígí, kì í ṣe ara rẹ̀. Ní Àbámẹ́ta, ó já wọ ilé àbúrò rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn.

"Lọ sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni!"

"Ta ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Gbogbo wọn! Obìnrin kan wọlé láàárọ̀, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́kún. Òmíràn ní kí n gbé dókítà lọ sí kóòtù. Èyí tí mo ń dirun fún lọ́wọ́ ní bóun bá jẹ́ èmi, òun á lọ sọ́dọ̀ dókítà míì, wọ́n ṣì lè tún un ṣe! Kí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe? Kí ló ṣe ojú mi?"

"Kò sóhun tó ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi," Aláìsàn ní. Ó rọra gbé ojú sókè òrùlé kí ẹ̀rín má bàa pa á. "Ojú tó rẹwà gan-an ni."

Ọkọ rẹ̀ sáré lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì gbọ́ bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń hó níbẹ̀ bí ìkòkò.

Fóònù Aláìsàn dún. Olùpè ni. Ó ní Olùdarí ní kí ó padà wá ní ọjọ́ Ajé. Ọdún tuntun eré náà yóò dá lórí obìnrin tí dókítà tàn jẹ, tí yóò máa tẹ̀ lé e kiri pẹ̀lú ojú kan náà tó gbé wá, kò sì sí báńdéèjì nínú rẹ̀. Ẹlẹ́wà ni yóò ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀. Inú ti bí i fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbà nígbà tó gbọ́ pé agbẹjọ́rò kì í wé nǹkan mọ́jú. Olùdarí sì ní kí Aláìsàn mú fọ́tò ojú rẹ̀ dání, èyí tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara ògiri níta ilé eré.

Ó sọ ọ́ fún wọn bí ó ti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tún gèlè rẹ̀ ṣe kí ó tó parí ọ̀rọ̀.

"Ká jọ lọ ya á," ó ní. "Àwa méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n lè rí i pé ènìyàn méjì ni wá. Mo máa bá ọ di irun rẹ."

"Ẹ máa bá mi di irun, ẹ ṣeun."

"Fọ́tò ọ̀hún ńkọ́?"

Aláìsàn gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó tó lọ sí ibi iṣẹ́, yóò lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán tó wà ní ìkóríta, yóò jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀ láìkun ojú, yóò sì ya fọ́tò náà ní òun nìkan.